Ohun tí À Ń Dà Nù Nílé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́



Iṣẹ́ tiwa ni kí á máa ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, kí á máa yẹ ìwé owó wò. Ó ṣọ̀wọ́n kí á dé ìpàdé kí á má bá ẹni tí ń tọrọ ẹ̀yáwó nítorí ọmọ wẹ́wẹ́. A kì í bá wọn wí. Ọmọ kò gbọdọ̀ má jẹun. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá parí, tí a gba ẹ̀yìn ilé kọjá, a máa ń rí ibi tí díẹ̀ nínú owó náà gbà lọ. Orí ààtàn ni. Alájẹṣẹ́kù sì ni orúkọ tí à ń jẹ́!

Láyé àwọn ìyá wa, ààtàn kì í ṣe ìyọnu. Èèpo iṣu, ewé eéran tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, eérú ààrò, gbogbo rẹ̀ a jẹrà, a di ilẹ̀dú, ẹ̀fọ́ tó bá sì hù níbẹ̀ a dára ju ti oko lọ. Ọ̀rá ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí kì í jẹrà. Òjò a wọ́ ọ lọ sínú odò, odò a dí. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní 31 August 1980 kò ní gbàgbé ohun tí omi Ògùnpa ṣe. Ní 26 August 2011, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún tún bá omíyalé lọ. Òjò ọjọ́ méjèèjì pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tó dí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi dá kún un. Ẹ má sì rò pé ti ará ìgboro nìkan ni: Lapite ní Akínyẹlé àti Abà-Eku ní Ọ̀nà-Àrà wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó pàǹtí ìgboro wá dà sí.

Nílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ìlédìí à-lò-sọnù, tí gbogbo wa ń pè ní pampers, ni kí á kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Bí ọmọ bá ń lo 4 lójúmọ́, 28 ni lọ́sẹ̀, 1,460 lọ́dún, 2,920 lọ́dún méjì. Kí olúkúlùkù fi iye tó ń ra ẹyọ kan ṣírò rẹ̀. Ìlédìí aláṣọ bíi 24 tó ọmọ kan lò, àbúrò rẹ̀ a sì tún jogún rẹ̀.

Ọ̀rá ni ẹ̀yìn pampers, hóró wẹ́wẹ́ tó ń fa omi mu sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá jù ú sí ṣáláńgá, ṣáláńgá a tètè kún. Bí a bá sun ún, èéfín olóró ni ọmọ yóò fà símú. Bí a bá jù ú sígbó, ajá a tú u ká, ìgbẹ́ inú rẹ̀ a bá òjò dé etí kànga. Àwọn kan rò pé ìgbẹ́ ọmọ kò lè fa àìsàn. Ó lè fà á bíi ti àgbà.

Nígbà tí a sọ èyí ní ìpàdé kan, ìyá ọmọ kan dìde, ó ní, “Ọ̀gá alábẹ̀wò, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó wá pọn omi tí a ó fi fọ̀ ọ́?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Bí kànga bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni yóò dá obìnrin lẹ́bi? Èsì wa ni pé kí á fi pampers sí alẹ́ àti ìrìn àjò, kí á lo aláṣọ lọ́sàn-án nílé, kí bàbá ọmọ sì máa pọn omi. Àwọn ọkùnrin kò rẹ́rìn-ín sí èyí. Bí 4 bá di 2 lójúmọ́, 1,460 ti dín lọ́dún méjì.

Ẹ gbọn ìgbẹ́ sí ṣáláńgá kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ìlédìí náà. Orí okùn nínú oòrùn ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe orí koríko, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tí kò gbẹ. Bí a kò bá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ aṣọ náà, ìdin rẹ̀ a wọ awọ ọmọ, a wú bí eéwo.

Ti oúnjẹ kò gùn. Omi ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbà wá níyànjú láti 2001, kò ní agolo, kò ní ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n ògì tí ọmọ lè mu tán ni kí á pò. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ti ewúrẹ́ ni. Ìyókù tó lè jẹrà, ẹ kó o sí kòtò pẹ̀lú eérú àti ewé, kó di ajílẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ogún ọmọ ẹgbẹ́ bá dá owó jọ, ẹgbẹ́ lè ra odindi ìgàn aṣọ òwú, kí wọ́n gé e pín. Ọṣẹ àti mílíìkì tí à ń rà nínú ọ̀rá wẹ́wẹ́, ẹgbẹ́ lè rà á ní ńlá, kí oníkálukú gbé agolo tirẹ̀ wá gba ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n kọ ìpinnu náà sílẹ̀. Kí akọ̀wé ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un, kí rísíìtì má sì sọnù. Nígbà tí a bá wá yẹ ìwé wò, ojú ewé yẹn ni a ó kọ́kọ́ ṣí.