“Màmá Àgbà, Ṣé Orí Ààtàn Ni Ẹ Ń Gbé?”

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2010, fóònù ìyá mi dún nínú ilé wa ní Agége. Àbúrò mi ọkùnrin tí ń gbé ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ó pè. Bí wọ́n ti kí ara wọn tán, ó fi fóònù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó kí ìyá àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọkùnrin náà nígbà náà. Kò tilẹ̀ tíì kí i tán tí ó fi bèèrè pé, “Màmá Àgbà, ṣé orí ààtàn ni ẹ ń gbé?”

Ìyá mi rò pé ọmọ náà ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Orí ààtàn kẹ̀? Ilé tí bàbá rẹ àgbà kọ́ ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni a sì gbé tọ́ bàbá rẹ dàgbà.” Ọmọ náà ní rárá o, òun ti rí i nínú tẹlifíṣàn, Èkó ni wọ́n pe ibẹ̀. Nígbà tí ìyá mi gbé fóònù kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wò mí lójú, ó ní, “Pásítọ̀, kí ni wọ́n fi hàn wọ́n lọ́hùn-ún?”

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà di ẹkún nìyí. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni a fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọdún kẹwàá tí bàbá wa ti sùn nínú Olúwa. Àbúrò mi ti ṣèlérí pé òun àti gbogbo ilé òun ni yóò wá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn ọmọ náà yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Agége. Màmá ti kun yàrá kan ní ọ̀dà, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó sì ti rán aṣọ sílẹ̀ dè wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò mi, ọmọ Yorùbá ni òun náà, ọ̀hún ni wọ́n kàn bí i sí, fi àáké kọ́rí pé òun kò ní kó ọmọ òun wá sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi nìkan ni ó wá. Yàrá náà wà ní títì títí ọdún fi yí.

Fíìmù tí wọ́n wò ni èyí tí BBC gbé jáde ní apá mẹ́ta ní oṣù Kẹrin náà, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Welcome to Lagos. Apá kìíní wáyé lórí ààtàn ńlá Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta, èkejì ní Mákòókò lórí omi, ẹ̀kẹta láàárín àwọn tí ń gbé etí òkun. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ̀wé sí BBC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká náà sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn BBC fèsì pé ọgbọ́n àti akitiyan àwọn ènìyàn ni àwọn fẹ́ fi hàn.

Èmi náà kò gbẹ́yìn. Mo gun orí pẹpẹ ní ọjọ́ Ìsinmi, mo bá BBC wí títí òógùn fi bò mí, ìjọ sì ń dáhùn “Àmín!” bí ẹni pé ẹ̀mí òkùnkùn ni à ń lé jáde. N kò tíì rí fíìmù náà nígbà yẹn o. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni arákùnrin kan nínú ìjọ mú un wá fún mi, tí mo sì jókòó wò ó.

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Àwọn ọkùnrin tí mo rí níbẹ̀ kò ṣagbe, wọn kò jalè. Wọ́n ń ṣa irin, ike àti bébà, wọ́n ń tà á fún àwọn tí yóò tún un lò. Àwọn oyìnbó wọ̀nyẹn mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Èmi ńkọ́? Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń gba Ọjọ́ta kọjá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè nítorí òórùn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí, èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, pé ọkàn ènìyàn wà lórí ààtàn yẹn. Èyí ni n kò sọ lórí pẹpẹ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e.

Síbẹ̀ náà, inú mi kò tíì dùn sí fíìmù yẹn pátápátá títí di òní. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ ní Olúṣòsùn, ta ni yóò bá wọn jà? Orúkọ Èkó tí wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀ ni àṣìṣe náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè mọ̀ pé ìlú tí ó tó báyìí ní ibi tí fíìmù náà kò dé.

Ẹ rántí àwọn amí méjìlá tí Mósè rán lọ wo ilẹ̀ Kénánì (Númérì 13). A máa ń wàásù bí ẹni pé àwọn mẹ́wàá nì parọ́. Wọn kò parọ́ nípa àwọn òmìrán. Àwọn ọmọ Ánákì wà níbẹ̀ lóòótọ́, Kélẹ́bù fúnra rẹ̀ ni ó padà lé mẹ́ta nínú wọn jáde (Jóṣúà 15:14). Àwọn mẹ́wàá náà tilẹ̀ mú èso àjàrà bọ̀, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ náà dára. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ ni pé wọ́n mú àwọn òmìrán, wọ́n fi wọ́n ṣe orúkọ gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n ní ilẹ̀ tí ń jẹ àwọn ará inú rẹ̀ ni. Nítorí ìròyìn ogójì ọjọ́ yẹn, ogójì ọdún ni Ísírẹ́lì fi rìn kiri nínú aginjù.

Kì í sì í ṣe ọdún 2010 ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún wa. Àwọn àgbà inú wa yóò rántí pé ní àwọn ọdún 1990, ìjọba Amẹ́ríkà lẹ ìkìlọ̀ mọ́ àwọn pápákọ̀ òfuurufú wọn pé ètò ààbò ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, níhìn-ín ní Ìkejà, kò péye. Ní 1993 wọ́n dá ọkọ̀ òfuurufú tààrà dúró láàárín Èkó àti ilẹ̀ wọn. Kí n má parọ́, ìkìlọ̀ náà tọ́. Àwa tí a ń gbé ìtòsí mọ ohun tí ojú àlejò ń rí níbẹ̀ lákòókò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún gba ọkọ̀ tààrà láyè ní 2001, ta ni ó lẹ ìwé mìíràn mọ́ ògiri pé nǹkan ti yí padà?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àrùn Ẹ̀bólà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn náà wá láti Làìbéríà, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ Ìkejà kan náà. Gbogbo tẹlifíṣàn àgbáyé ni ó gbé e. Wọ́n ní bí Ẹ̀bólà bá wọ ìlú bí Èkó, ó tán. Àbúrò mi pè lójoojúmọ́, ìyàwó rẹ̀ sì tún rí ẹ̀rí mú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kí ọkùnrin náà kúrò ní ilé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá gbogbo ẹni tí ó bá súnmọ́ aláìsàn. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́. Mo bi àbúrò mi bóyá ìyàwó rẹ̀ gbọ́ èyí. Ó ní kò gbọ́.

Ìròyìn kì í rin ìrìn àjò tí kò bá ní iná lára. Ní agogo márùn-ún ìdájí, ẹ dúró ní Ìyànà-Ìpájà tàbí ní Pen Cinema, kí ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọ́ bí èèrà lọ sí Ọba Akran, Ọ̀gbà àti Agidingbi, bí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ alẹ́ sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti dá àgbègbè ilé iṣẹ́ Ìkejà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Kò sí oníròyìn tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú wá nítorí èyí. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá jóná ni wọn yóò wá.

Ṣùgbọ́n n kò lè pe àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ní ọ̀tá wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi, 27 oṣù Kínní ọdún 2002, tí bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè Ìkejà, tí ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tí ó kú, tí púpọ̀ nínú wọn rì sínú odò Òkè-Afà bí wọ́n ti ń sá, rédíò BBC ni mo yí sí lóru láti mọ ohun tí ń pa wá. Ẹni tí ó bá ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́ nípa ibi.

Àwa gan-an, kí ni à ń sọ nípa ara wa? Mo bi àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa léèrè ta ni J. K. Coker. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí jẹ́ òpó nínú African Church, ó sì gbin kòkó ní Agége níhìn-ín títí àwọn alágbàṣe oko ibẹ̀ fi gbé irúgbìn àti ìmọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlú wọn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Agége ni ọ̀pọ̀ oko kòkó tí ó rán àwọn bàbá wa lọ sí ilé ìwé ti ṣẹ̀. Bí àwa kò bá sọ ọ́ fún ọmọ, ṣé ará Lọ́ńdọ̀nù ni yóò sọ ọ́?

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò mọ́ ara mi. Ní 1997, nígbà tí Mother Teresa kú, mo wàásù nípa ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Kolkata láti 2001. Mo fi ẹ̀tẹ̀, ebi àti òkú ojú títì ya ìlú náà títí àwọn ìyá fi ń sunkún. Arákùnrin kan nínú ìjọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àwọn ará Íńdíà kan ní Ìkejà, ẹnjiníà tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìlú náà. Ó ròyìn ìwàásù mi fún un. Ọkùnrin náà kò bínú, ó ní kí wọ́n mú mi wá jẹun nílé òun.

Ó bi mí bóyá mo ti dé ìlú òun rí. Mo ní n kò dé ibẹ̀. Ó ní níbo ni mo ti rí i? Mo ní nínú tẹlifíṣàn. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Tagore, ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Éṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ, ní 1913, àti pé láti 1984 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní, “Pásítọ̀, ìyá mi ń gbé níbẹ̀. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni. Ara rẹ̀ le.” N kò mọ ohun tí mo lè sọ. William Carey tí mo kọ́ nípa rẹ̀ fún odidi sáà kan, ìlú yẹn náà ni ó gúnlẹ̀ sí ní 1793, mi ò sì jẹ́ rò ó papọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ yẹn ni ó padà wá bá mi nígbà tí fóònù ìyá tèmi dún ní 2010.

Mo tún rántí ohun mìíràn. Nígbà kan tí ìjọ wa ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará lókè òkun láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èmi wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ya fọ́tò tí a fi ránṣẹ́. Ọmọ kan dúró ní iwájú kàmẹ́rà pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. A ní kí ó bọ́ bàtà náà. Owó dé, a gbẹ́ kànga náà, omi rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ojú ọmọ náà bí ó ti ń wo bàtà rẹ̀ nílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ àbúrò mi wá. Ó ti di ọkùnrin ọmọ ọdún méjìlélógún, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá ti lé ní ọdún ọgọ́rin, ó tún yàrá náà kùn. Mo mú ọmọ náà wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line láti Agége dé Oyíǹgbò, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ó ń ya fọ́tò ní gbogbo ọ̀nà, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé, Màmá ní kí ó fi àwọn fọ́tò náà han òun. Èyí àkọ́kọ́ ni òkítì pàǹtí kan ní ẹ̀gbẹ́ títì, èkejì ni gọ́tà dúdú, ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ dáńfó tí ó ti fọ́ lójú. Màmá wò wọ́n tán, kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ díẹ̀. Ìró àti bùbá léèsì tí ó ń wọ̀ lọ sí Ìdúpẹ́ ni ó wọ̀ jáde, ó wé gèlè, ó sì jókòó sí iwájú ilé tí bàbá wa kọ́.

Ó ní, “Ó yá, ọmọ mi, ya tèmi náà kí o fi ránṣẹ́ sí wọn.”