Òtútù Ẹ̀yìn Iṣẹ́ Abẹ: Èyí Tó Ń Lọ Fúnra Rẹ̀ àti Èyí Tó Yẹ Ká Sọ fún Dókítà

Nínú ètò tọ̀sẹ̀ yìí, a sọ̀rọ̀ nípa òtútù tó máa ń mú èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an. Marghera, lẹ́bàá Venezia, ni mò ń gbé, wọ́n sì yọ àpò òróǹro mi ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá. Bí mo ṣe jí, ṣe ni eyín mi ń lu ara wọn. Nígbà tí mo délé, ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí mo fi ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ ohun kan náà: "Òtútù òyìnbó ni, ó máa lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tó. Kì í ṣe ojú ọjọ́ nìkan ló ń fa òtútù yìí. Oríṣi kan sì wà nínú ẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fi "ó máa lọ" dá lóhùn. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ta ló ń ṣọ́ ìgbóná ara wa?

Ara ẹni tó ní àlàáfíà máa ń wà ní nǹkan bíi 37°C. Apá kékeré kan nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, ló ń ṣọ́ ọ. Ẹ fi wé ìyá tó ń se ọbẹ̀ lórí iná igi. Bí iná bá ti pọ̀ jù, á fa igi jáde. Bí iná bá fẹ́ kú, á ti igi bọ̀ ọ́.

Bí òtútù bá dé, hypothalamus á pàṣẹ kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí awọ ara fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè dúró sínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi máa ń kọ́kọ́ tutù. Bí ìyẹn ò bá tó, á ní kí àwọn iṣan ara máa gbọ̀n, torí pé iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń mú ooru wá. Gbígbọ̀n kì í ṣe àìlera. Ara ló ń dáná.

Ẹ wò ó, agbègbè wa yìí ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Padova ò jìnnà sí wa rárá, rélùwéè á gbé yín débẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Ní yunifásítì ibẹ̀ ni Santorio Santorio ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn láti 1611 sí 1624. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìlà àmì sára ohun èlò tí wọ́n fi ń wo ooru, tó sì fi í wo ìgbóná ara aláìsàn. Kó tó dìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n ń gbé lé iwájú orí, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe. Ọwọ́ lè sọ pé ara gbóná, kò lè sọ pé 38 ni àbí 39.

Oògùn tó kun wá lóorun kun olùṣọ́ náà lóorun

Oògùn akunilóorun kì í mú ojú wa nìkan sùn. Ó ń mú hypothalamus náà tòògbé. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ á ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tó wà nínú á ṣàn lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, inú lọ́hùn-ún á sì tutù. Láàárín wákàtí kan péré, ìgbóná inú ara lè já wálẹ̀ ní 1°C sí 1.5°C. Ẹ wá fi kún un pé yàrá iṣẹ́ abẹ máa ń tutù, wọ́n ń fi oògùn olómi nu awọ ara, omi tí wọ́n ń fà sí wa lára sì lè jẹ́ omi tútù.

Àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn náà ò bọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún mọ ohun tí mò ń sọ: ẹsẹ̀ ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n èjìká àti àgbọ̀n ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ sílẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ ò sì lè gbọ̀n, torí náà apá òkè ló ń dá ṣiṣẹ́. Achille Mario Dogliotti, dókítà kan ní Torino, wà lára àwọn tó jẹ́ kí oríṣi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kan, epidural, di ohun tí ayé ń lò láàárín àwọn ọdún 1930.

Nígbà tí oògùn bá ń kúrò lára, olùṣọ́ á jí, á rí i pé ìkòkò ti tutù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti igi bọná lẹ́ẹ̀kan náà. Gbígbọ̀n yẹn máa ń jẹ ọ́síjìn púpọ̀, kò sì dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń sáré gbé kúbùsù wá, tàbí èyí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ṣé ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán ni? Rárá o. Ní 1996, Andrea Kurz, Daniel Sessler àti Rainer Lenhardt gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine. Igba (200) aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún ni wọ́n wò. Wọ́n mú ara àwọn kan gbóná, wọ́n sì jẹ́ kí ara àwọn yòókù tutù bó ṣe máa ń rí nígbà yẹn. Nínú àwọn tí ara wọn tutù, ojú iṣẹ́ abẹ 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló kó kòkòrò àrùn. Nínú àwọn tí wọ́n mú gbóná, 6 péré ni. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá fún pọ̀, ọ́síjìn tó ń dé ojú ọgbẹ́ á dín kù, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ fi ń pa kòkòrò.

Ní 2008, àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí ilé ìwòsàn sọ fún aláìsàn pé kó mú aṣọ tó nípọn dání, kó sì sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tí òtútù bá ń mú un. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ yọ nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Àwọn àgbà ní, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nígbà tí a bá délé

Oògùn á ti kúrò lára, síbẹ̀ òtútù lè máa mú èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣòfò púpọ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń fa òtútù àti àárẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má wá a ní ojú awọ. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ wo ahọ́n àti àtẹ́lẹwọ́ náà. Bó bá ti funfun ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sọ fún dókítà. Bí oúnjẹ ò bá wọlé dáadáa, igi ìdáná ò tó nìyẹn. Bí a bá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, iṣan ò ṣiṣẹ́, ooru á dín kù. Ẹni tí wọ́n yọ thyroid rẹ̀ ní ọrùn ní láti lo oògùn tó rọ́pò rẹ̀ bó ṣe yẹ, torí thyroid ló ń sọ bí ara ṣe máa yára dáná sí.

Ẹ má gbàgbé ilé tí a ń gbé. Ní Venezia, Padova, Torino àti Milano, òfin gbà kí wọ́n tan termosifone láti 15 oṣù kẹwàá sí 15 oṣù kẹrin, kó má sì ju wákàtí 14 lọ lójúmọ́. Ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023, nítorí ọ̀rọ̀ gáàsì, wọ́n dín in kù sí wákàtí 13, wọ́n sì ní kí ilé má ju 19°C lọ. Nínú ilé alájà púpọ̀ tó jẹ́ iná kan ni gbogbo yín jọ ń lò, termosifone máa ń kú lóru. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ á mọ̀ ọ́n ní aago mẹ́ta òru. Torí náà, ẹ tọ́jú kúbùsù kejì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ sítòsí kí ẹ tó sùn. Ògì gbígbóná dára. Kí ẹ rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé náà dára. Àmọ́ ẹ má gbé rọ́bà omi gbóná lé ibi tí kò tíì mọ nǹkan lára, ó lè jó yín láìmọ̀.

Òtútù tó jẹ́ ibà

Èyí gan-an ló mú mi kọ̀wé. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, hypothalamus máa ń gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sókè, ká ní sí 39°C. Ara tó wà ní 37°C á wá dà bí ara tútù lójú rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù mẹ́ta, tí iwájú orí rẹ̀ sì ń jó bí iná.

Nítorí náà, bí òtútù bá mú yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tẹ̀mọ́mítà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bó bá jẹ́ 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ojú iṣẹ́ abẹ. Lára awọ dúdú, pípọ́n lè má hàn, torí náà ẹ wo wíwú, ooru, ìrora tó ń pọ̀ sí i, ọyún tàbí òórùn. Bí ẹni náà bá ń mí gúlegúle, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò já gaara mọ́, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́: ẹ pe 112 tàbí 118, kódà bí ìgbóná ara ò bá dé 38.

Ẹni tó lọ sílé ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ní ohun kan sí i láti sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1970 pé ibà ẹ̀fọn ti kúrò ní Ítálì, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ibí ló ni orúkọ náà, mal'aria, afẹ́fẹ́ burúkú. Dókítà tó ń wo ojú iṣẹ́ abẹ yín lè má rò ó. Ẹ sọ fún un: "Sono stato in Nigeria," obìnrin á ní "sono stata," kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tó ní sickle cell náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí òtútù lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò

Ní Yorùbá, òtútù ló ń ṣe nǹkan, àwa ló ń ṣe é sí: "Òtútù ń mú mi." Bó bá le, a ní "Ara mi ń gbọ̀n." Ọ̀rọ̀ méjì ni ní Italian náà, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Bí ẹ bá ní "Ho freddo," kúbùsù ni wọ́n máa gbé wá. Bí ẹ bá ń gbọ̀n, "Ho i brividi" ni kí ẹ sọ. Tẹ̀mọ́mítà ni wọ́n máa mú wá. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín, kí ẹ sì máa kọ ìgbóná ara àti aago tí ẹ wò ó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Dókítà á mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.