Ilé iṣẹ́ aṣojú tí kò ní aṣojú
Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu pe àwọn aṣojú Nàìjíríà kárí ayé padà wálé. Ó lé lọ́dún méjì kó tó fi orúkọ àwọn tuntun ránṣẹ́ sílé aṣòfin àgbà. Adelé ló di ipò mú láàárín ìgbà yẹn.

Mo kọ́ nípa òfin, Àdéhùn Vienna ti 1961 ò fi èyí pamọ́: olórí orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń rán aṣojú sí, mínísítà ni wọ́n ń rán adelé sí. Tó bá jẹ́ àbúrò ẹ ni wọ́n tì mọ́lé nílùú oníìlú, ta lo máa fẹ́ kó lọ bá a sọ̀rọ̀?

Abala 171 ìwé òfin wa ní kí Ààrẹ yan aṣojú, kí àwọn aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i. Kò dá gbèdéke kankan. Ẹ jẹ́ ká fi oṣù mẹ́ta sí i.