Àṣírí Yín Lọ́dọ̀ Apoògùn

“Kí Ọlọ́run má tú àṣírí wa.” Ta ni a ń gba àdúrà yìí fún tí kì í ṣàmín? Síbẹ̀, lórí káńtà fámásì, àṣírí ń tú lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà sí ọ̀tá nídìí rẹ̀. Ohùn tó ròkè ló máa ń fà á, tàbí ọmọ ìtajà tó gbé oògùn sókè tó ń pariwo pé, “Ta ló ni ti àtọ̀sí yìí?” nígbà tí èèyàn mẹ́fà wà níbẹ̀. A kọ ìwé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn ní Nàìjíríà, kí ẹ lè mọ ohun tí òfin fi bò yín.

Ìdí tí wọ́n fi ń bi yín léèrè

Inú máa ń bí ọ̀pọ̀ bí apoògùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: oògùn wo lẹ ń lò nílé? Ṣé ẹ lóyún? Wọ́n á ní ó ń ṣe àtojúbọ̀. Ẹ wo bàbá tó ń lo oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní náítíréètì, tó tún yọ́ ra sildenafil, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Viagra. Bí méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Obìnrin tó ń lo rifampicin nítorí ikọ́ ife náà ní ohun tó yẹ kó mọ̀: oògùn yẹn kì í jẹ́ kí hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí ṣiṣẹ́ dáadáa, oyún tí kò rò tẹ́lẹ̀ lè dé. Ẹni tó ń lo dolutegravir nítorí kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ oògùn olómi funfun tí a ń mu sí àyà títa. Kó lo dolutegravir ní wákàtí 2 ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ojú ń tì yín láti sọ gan-an ni apoògùn fẹ́ gbọ́. Bí ẹnu apoògùn bá sì ń jò, ẹnu aláìsàn á pa dé.

Ohun tí òfin sọ

Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹni tó wá gba ìtọ́jú: bí ara rẹ̀ ṣe rí, ìtọ́jú tó gbà, àti pé ó tiẹ̀ wá rárá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ kò kà sí. Ẹ gbọ́ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀:

“Ẹ káàsán o, dókítà. Ìyàwó mi ra oògùn níbí lánàá. Kí lẹ tà fún un?”

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, a kì í sọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ẹ bi wọ́n nílé, tàbí kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá.”

“Èmi ọkọ rẹ̀? Owó mi ló fi rà á o!”

“Mo gbọ́, sà.”

Apoògùn yìí ṣe dáadáa. Bó bá dáhùn pé, “Lóòótọ́ ni wọ́n wá, ṣùgbọ́n n kò lè sọ oògùn tí wọ́n rà,” àṣírí ti tú dé ìdajì, ìjà ti dé ilé. A mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àìsàn ẹnìkan ni àìsàn gbogbo agboolé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló sì ń dáwó oògùn. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n aláìsàn ló ń yan ẹni tó máa gbọ́. Bí màmá bá rán ọmọ wá gba oògùn, kí apoògùn kọ ìlò rẹ̀ sára páálí rẹ̀ kedere, kó má fi ọmọ ṣe agbọ̀rọ̀sọ àìsàn ìyá rẹ̀.

Òfin náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ sílẹ̀. Apoògùn lè sọ̀rọ̀ bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gbà. Bí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ. Bí òbí tàbí alágbàtọ́ ọmọdé bá béèrè, tàbí aṣojú ẹni tí kò lè dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Tàbí bí dídákẹ́ bá máa kó ewu ńlá bá ìlera ará ìlú. Ó sì lè pe dókítà tó kọ oògùn náà fún yín, torí iṣẹ́ ìtọ́jú yín ni wọ́n jọ ń ṣe. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ yín kò sí nínú wọn, pásítọ̀ tàbí àáfà yín kò sí níbẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Ìwé dókítà tí ẹ yà ní fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wà lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023, tó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fámásì, ẹ má fi í sí fóònù ọmọ ìtajà.

Bíbo àṣírí yàtọ̀ sí títa oògùn ní kọ̀rọ̀ o. Láti oṣù Kárùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkodéènì àti kíkó o wọlé. Ẹni tó bá ní, “Ẹ bò mí láṣìírí, ẹ tà á fún mi,” kó má bínú bí wọn kò bá tà á.

Bí wọ́n bá tú àṣírí yín

Ẹ kọ́kọ́ rí apoògùn alábòójútó ilé náà. Ìwé àṣẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ògiri. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ Fámásì, PCN, ní ìpínlẹ̀ yín. Àwọn ló ń fún fámásì àti kẹ́míìsì ní ìwé àṣẹ. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, orúkọ ilé oògùn náà, ohun tí wọ́n sọ àti àwọn tó gbọ́ ọ. Kò di dandan kí ẹ dárúkọ àìsàn yín sínú ìwé ẹ̀sùn náà.