Oríṣi Ewéko Mélòó Ló Yẹ Kó Padà Sórí Ilẹ̀ Tí Wọ́n Wà ní Ṣágámù?

Láti ọdún 1978 ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ọ̀pọ̀ ará Rẹ́mọ ṣì ń pè ní WAPCO ti wà ní Ṣágámù. Ewékorò ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1960. Kí ọwọ́ tó tẹ òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, wọn á ṣán igbó, wọn á kó erùpẹ̀ dúdú òkè kúrò, wọn á sì wa amọ̀ tó bo òkúta náà. Kòtò ńlá ló máa ń gbẹ̀yìn iṣẹ́ yìí. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 ní kí ẹni tó bá wa ilẹ̀ tún un ṣe, ó sì ṣètò àpò owó fún un. Ohun tí òfin náà kò sọ ni iye oríṣi ewéko tó gbọ́dọ̀ hù padà kí wọ́n tó lè ní iṣẹ́ ti parí.

Àlàfo ńlá nìyẹn, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tì kì í pẹ́ tutù yọ̀yọ̀ nílẹ̀ wa. Ewé Akíntọ́lá, tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wò ó láti ojú títì á rò pé igbó ti padà. Ní agbègbè Jos, lẹ́yìn tí wọ́n wa tánńganran tán, igi eucalyptus ni wọ́n gbìn sórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ó wúlò fún igi ìdáná àti òpó, àmọ́ ẹ̀yà igi kan ṣoṣo kì í ṣe igbó.

Àwọn ibòmíràn ti ní òṣùwọ̀n fún ewéko tó gbọ́dọ̀ padà. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1977 fún àwọn tó ń wa èédú ní kí ewéko tó bá padà jẹ́ oríṣiríṣi, kó jẹ́ ti ìbílẹ̀, kó sì lè máa tún ara rẹ̀ bí. Owó tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ láti fi ṣe ìdúró pé wọn á tún ilẹ̀ ṣe kò ní padà sọ́wọ́ wọn tán títí ó kéré tán ọdún márùn-ún yóò fi kọjá lẹ́yìn ìgbìn. Ní ìwọ̀ oòrùn Australia, iléeṣẹ́ ìwakùsà Alcoa ń ka ewéko inú ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe, wọ́n sì ń fi wé igbó tí wọn kò fọwọ́ kàn. Àfojúsùn wọn ni kí iye oríṣi ewéko ìbílẹ̀ bá ara mu, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ Ṣágámù jù wà ní Bamburi, lẹ́bàá Mombasa ní Kenya. Lọ́dún 1971, René Haller, ará Switzerland tó mọ̀ nípa ọ̀gbìn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sínú kòtò iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ó dán oríṣi igi 26 wò, mẹ́ta péré ló yè. Casuarina ló ṣe dáadáa jù, ṣùgbọ́n ewé tó ń já láti ara rẹ̀ kò jẹrà, ńṣe ló ń pé jọ sórí òkúta. Haller wá rí i pé ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan ń jẹ ewé náà, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń di erùpẹ̀. Ó kó ọ̀kùn wá sí i. Nígbà tí erùpẹ̀ wá wà, àwọn igi mìíràn rí ibi ta gbòǹgbò sí, ẹyẹ sì dé. Ibẹ̀ ló di Haller Park. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iléeṣẹ́ kan náà, Lafarge, ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú Bamburi àti WAPCO pẹ̀lú.

Kí ni Rẹ́mọ fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n tirẹ̀? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 75 lọ, ní oríṣi ewéko tó lé ní 400. Àwọn igbó Orò tó ṣẹ́kù nílẹ̀ Rẹ́mọ náà yẹ ní kíkà: àràbà, afàrà, ìyeyè, ìpín, akòko, títí dé ìtàkùn àti koríko abẹ́ wọn. Àwọn ìyá lékuléja ọjà Ṣágámù mọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ti ń hù. Ilé ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, FRIN, ní àkójọ ewéko gbígbẹ tí wọ́n lè fi dá wọn mọ̀.

Kò yẹ kí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì dúró dìgbà tí òkúta bá tán. Erùpẹ̀ òkè tí wọ́n bá kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èso inú rẹ̀ á kú. Obì, tí Rẹ́mọ fi lókìkí, kì í hù mọ́ bó bá gbẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni èso ọ̀pọ̀ igi igbó. Ọgbà irúgbìn gbọ́dọ̀ ti wà kí katakátá tó wọlé.

Òfin 2007 kan náà ní kí iléeṣẹ́ àti ìlú tó gbà á lálejò jọ ṣe ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ìtọ́jú àyíká wà lára ohun tí wọ́n lè kọ sínú rẹ̀. Kí àwọn ọba, olórí ẹbí àti ọ̀dọ́ Rẹ́mọ kọ orúkọ igi àti iye oríṣi wọn síbẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tí yóò máa kà wọ́n.