Eegun Ìbàdí Kan ní Alberta

Bí a bá jẹ ẹran ìdí àgbébọ̀ adìyẹ tán, eegun ìbàdí tó kù nínú àwo a máa le gbagidi. A kì í mọ ibi tí eegun kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ti òròmọdìyẹ kò rí bẹ́ẹ̀: ó rọ̀, kò sì tíì so pọ̀, ọwọ́ lásán lè tú u. Irú ìmọ̀ yìí ló tú àṣírí dáínósọ̀ apẹran kan tó gbé ilẹ̀ Kánádà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 75 ọdún sẹ́yìn.

Ní 1982, onímọ̀ nípa ẹranko àtijọ́, Elizabeth Nicholls, rí eegun ìbàdí kékeré kan tó ti di òkúta ní Dinosaur Provincial Park, ní ìpínlẹ̀ Alberta. Obìnrin yìí kan náà ló wá wú eegun ẹranko òkun tó gùn tó mítà 21 ní British Columbia. Ti kékeré yìí wà nípamọ́ fún ohun tó lé ní ọdún 25. Ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ méjì, Nicholas Longrich àti Philip Currie, tó kéde rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ obìnrin náà sọ ọ́ ní Hesperonychus elizabethae. Ó dùn mí pé Nicholls ti kú ní 2004.

Wọ́n ti ṣa èékánná ẹsẹ̀ kéékèèké, tó tẹ̀, tó sì mú, ní Dinosaur Provincial Park rí, àmọ́ ọmọ dáínósọ̀ ńlá ni wọ́n rò pé ó ni wọ́n. Eegun ìbàdí kọ̀: ó ti so pọ̀ mọ́ra. Àgbà ni, kò sì ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.9 lọ. Adìyẹ tó wúwo jù ú lọ wà lọ́jà wa.

Odò ló gbé yẹ̀pẹ̀ bo òkú ẹranko ní Dinosaur Provincial Park. Eegun ńlá fara dà á. Èyí tó tín-ín-rín fọ́ dànù. Lójú tèmi, ìyẹn ló jẹ́ ká máa rò pé àwọn òmìrán nìkan ló ni ayé ìgbà yẹn.

Longrich àti Currie kà á mọ́ ìdílé Microraptor, abìyẹ́lẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà, tó ti wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 45 ọdún ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá wú agbárí Hesperonychus lọ́jọ́ kan, eyín rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ máa hàn sí.