Ojú Kámẹ́rà Bàbá, Ara Kámẹ́rà Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan tàgbà tèwe, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní kámẹ́rà àtijọ́ tó ń sùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Bàbá tó bí mi, oníṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n papò dà, kámẹ́rà Nikon wọn ló kàn mí. Ara rẹ̀ ti kú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò ní dún. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, ìyẹn lẹ́ńsì 50 mm, ṣì mọ́ gaara. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, nígbà tí odò Sweetwater Creek kún tó sì ya wọ ilé níbí, àpótí fọ́tò wa bá omi lọ. Ẹni tó bá mọ omíyalé Ògùnpa ti 1980 á mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú kámẹ́rà yẹn nìkan ló ṣẹ́kù, torí pé òkè kọ́bọ́ọ̀dù ló wà.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní, "Dádì, mo fẹ́ lẹ́ńsì tuntun fún kámẹ́rà Sony mi." Ó dárúkọ owó, mo ní kó kọ́kọ́ jókòó ná. Mo gbé ti bàbá mi jáde. Ó rẹ́rìn-ín: "Dádì, èyí ti gbó jù!" Mo ní àwọn àgbà ló sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Báwo ni ojú àtijọ́ ṣe ń bá ara tuntun mu? Dígí kan wà nínú kámẹ́rà àtijọ́ tó ń gbé àwòrán lọ sójú ẹni tó ń yà á. Dígí yìí ń fẹ́ àyè. Nítorí náà, lára Nikon irú èyí tó jáde ní 1959, láti ẹnu ibi tí lẹ́ńsì ń wọ̀ dé ibi tí fíìmù wà, 46.5 mm ni. Sony tó ní ẹnu E, tó jáde ní 2010, kò ní dígí yẹn; 18 mm péré ni tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yọ 18 kúrò nínú 46.5. Ó ku 28.5. Òrùka irin tó gùn tó 28.5 mm la ó fi sáàárín àwọn méjèèjì. Bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó wà lọ́nà jíjìn kò ní mọ́ láéláé.

Ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì Canon FD àtijọ́, tó ń fẹ́ 42 mm, kò fi rọrùn láti gbé sórí Canon EF ti 1987 tó jẹ́ 44 mm. Àyè ti tán kí òrùka tó dé.

Ẹ jẹ́ kí àṣìṣe tèmi kọ́ yín lọ́gbọ́n. Òrùka Canon ni mo kọ́kọ́ rà, kò wọ̀ ọ́ rárá. Ẹ wo orúkọ tó wà lára lẹ́ńsì àti èyí tó wà lára kámẹ́rà kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn náà, kámẹ́rà kọ̀, kò yà. Ó ní òun ò rí lẹ́ńsì. Inú ètò rẹ̀ la ti lọ gbà á láàyè láti máa yà láìsí lẹ́ńsì. Ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i títí àwòrán á fi mọ́. Kí ẹ sì gbé lẹ́ńsì sókè síbi ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ẹbu ti mú un nìyẹn.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Ọmọ náà ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí." Ó ń yí lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, gbé e wá kí n wò ó." Wọ́n fọwọ́ pa ibi tó ti ha létí. "Ojú yìí ló yà mí lọ́jọ́ tí a sọ bàbá rẹ lórúkọ."

Fọ́tò ọjọ́ yẹn wà lára èyí tí omi gbé lọ. Èyí tí ọmọ mi yà ló wà lára ògiri wa báyìí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ tú kọ́bọ́ọ̀dù yín wò kí ẹ tó da nǹkan nù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi àwọn àgbà pé ta ni ojú yẹn ti rí rí. Ire o.